Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Ọlọ́pọlọ Púpọ̀ Bá Dúró Gbagidi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Àṣìṣe yìí ni ọ̀pọ̀ ń ṣe bí kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ 8 bá dúró gbagidi. (Ọpọlọ ni mo pe ẹ̀yà rẹ̀ tó ń ṣe ìṣirò.) Wọn a ní ọpọlọ ti bàjẹ́, wọn a fa wáyà iná yọ, iṣẹ́ tí kò tí ì dé orí dísìkì a sì ṣègbé. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ kò ṣe nǹkan kan.

Ilé iṣẹ́ Sun Microsystems ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ṣẹ̀dá ìlànà NFS ní ọdún 1984, kí kọ̀ǹpútà kan lè máa lo fáìlì orí òmíràn bí ẹni pé ilé rẹ̀ ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí á pe èyí tó ń tọ́jú fáìlì ní olùpèsè, kí èyí tó ń bèèrè sì jẹ́ oníbàárà. Ní ọ̀nà ìsopọ̀ tí à ń pè ní hard, tí Linux máa ń lò bí a kò bá yan òmíràn, oníbàárà kì í jáwọ́. Bí olùpèsè kò bá dáhùn, yóò tún bèèrè títí ìdáhùn yóò fi dé. Gbogbo ètò tó bá fọwọ́ kan fáìlì náà a sì sùn fọnfọn.

Ṣé ọpọlọ púpọ̀ kò lè gbà wá ni? Rárá o. Bí obìnrin 8 bá wà nídìí ààrò, tí ẹni tí a rán lọ gbé iṣu kò dé, ta ni yóò gúnyán? Linux a tilẹ̀ máa ka àwọn ètò tó ń sùn báyìí mọ́ ẹrù iṣẹ́. Nítorí náà, uptime lè sọ pé ẹrù tó 40, kí gbogbo ọpọlọ sì jókòó lásán. Àmì kìíní nìyẹn.

Bí a ó ṣe wádìí rẹ̀ nìyí:

(a) Ẹ fi ps wo àwọn ètò. Èyí tí lẹ́tà D wà níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni ó ń dúró.

(b) Ẹ má ṣe lo df, nítorí òun náà lè há. Ẹ ka /proc/mounts, ẹ ó rí orúkọ olùpèsè.

(d) Ẹ wo dmesg bóyá "not responding, still trying" wà níbẹ̀.

(e) Ẹ fi ping pe olùpèsè. Bí ó bá jẹ́ ìpè ṣùgbọ́n tí ojú ọ̀nà 2049 kò dáhùn, iṣẹ́ NFS ni ó dákẹ́, kì í ṣe wáyà.

(ẹ) Ẹ tún olùpèsè ṣe. Bí ó bá padà dé, àwọn ètò a máa bá iṣẹ́ wọn lọ láti ibi tí wọ́n dúró sí.

(f) Bí kò bá ní padà mọ́, ẹ fi kill -9 pa àwọn ètò náà. Láti Linux 2.6.25 ti ọdún 2008 ni èyí ti ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ fi umount -f tú ìsopọ̀.

Àwọn kan a ní kí á kúkú lo ọ̀nà soft, èyí tó ń jáwọ́ lẹ́yìn ìgbìyànjú díẹ̀. Ẹ ṣọ́ra! Ètò tí kò bá ka àṣìṣe sí lè rò pé òun ti kọ fáìlì tán, kí ó sì jẹ́ ààbọ̀ ni ó kọ. Fáìlì tí a kàn ń kà lásán ni soft bá mu.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí á tó fa wáyà yọ, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè ẹni tí kọ̀ǹpútà ń dúró dè.