Òkúta Ojú Ọ̀run Nínú Ilé

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1960, ní nǹkan bí agogo 5 ìrọ̀lẹ́, àwọn ará abúlé Gao àti Guenie gbọ́ ariwo ńlá lójú ọ̀run. Gbàù! Gbàù! Gbàù! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni. Lẹ́yìn náà, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀ bí òjò. Wọ́n ní ó ṣẹ́ igi, ó sì ba ilé adìyẹ jẹ́. Burkina Faso ni abúlé wọ̀nyí wà, ilẹ̀ tó bá Benin àti Togo pààlà ní àríwá.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta ló já. Òmíràn kéré bí ẹ̀kùrọ́, òmíràn wúwo tó kílò 10. Lónìí, wọ́n ti fọ́n ká ayé. Díẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn mìíràn sì wà nínú ilé àwọn èèyàn tó fẹ́ràn láti máa kó irú òkúta bẹ́ẹ̀ jọ.

Ẹni tó bá rí i lè pè é ní ẹdùn àrá. Ẹdùn àrá kọ́. Nígbà tí òkúta ojú ọ̀run ń bọ̀, eré rẹ̀ pọ̀ débi pé ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ sì yọ́ bí òrí. Ìdí nìyẹn tó fi ní èèpo dúdú tẹ́ẹ́rẹ́. Irin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí èèyàn bá mú òòfà sún mọ́ ọn, òòfà yóò fà á.

Irin yìí gan-an ni wàhálà rẹ̀. Gbogbo ọmọ ló mọ ohun tí òjò ń ṣe sí àdá tí wọ́n gbàgbé sí oko: ó ń dípẹtà. Òkúta yìí náà ń dípẹtà, kódà bí òjò kò bá pa á. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti tó. Ní Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́bàá ọ̀sà, ẹni tó bá ní irú òkúta bẹ́ẹ̀ yóò ṣọ́ ọ ju ẹni tó ń gbé ní aṣálẹ̀ lọ. Òkúta tó ti lò ju 4 000 000 000 ọdún lọ lè fọ́ wẹ́wẹ́ nínú yàrá.

Nítorí náà, wọn kì í fi omi fọ̀ ọ́. Wọn kì í fi ọwọ́ lásán mú un, torí pé iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́. Aṣọ mímọ́ tó gbẹ ni wọ́n fi ń mú un. Inú àpótí onídígí tí ọmọrí rẹ̀ dé dáadáa ni wọ́n ń gbé e sí, kí àlejò lè rí i wò. Àpótí náà kì í sún mọ́ ìdáná tàbí ojú fèrèsé. Wọ́n tún ń fi àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i. Hóró inú àpò náà ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Kì í ṣe ohun jíjẹ o!

Ìwé pélébé kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe pàtàkì ju àpótí lọ. Báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́:

Gao-Guenie
Burkina Faso
5/3/1960
gíráàmù 42

Bí ìwé yìí bá sọnù, kò sí ẹni tí yóò mọ ibi tí òkúta náà ti já mọ́.

Ìbéèrè
1. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ariwo náà dún?
2. Kí ló dé tí èèpo òkúta náà fi dúdú?
3. Kí ni òógùn ọwọ́ lè ṣe sí i?
4. Mú òkúta kan ní àgbàlá. Kọ ìwé pélébé tirẹ̀.