Ọ̀bùn àti Ike Ìdọ̀tí

Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni òun ò ti wẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò rántí pé nígbà tí ọkọ wà láàyè gan-an, omi kì í sábà kàn án lára. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí ìpàdé àwa ayálégbé nílé wa ní Kétu fẹ́ dìjà. Ike ìdọ̀tí dúdú tó wà lẹ́nu géètì ló fa ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ akólẹ̀ ti wá láàárọ̀, wọ́n ti da ohun inú rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ti lọ. Àmọ́ omi dúdú kan ṣì wà nísàlẹ̀ ike náà, ó ki bí ọbẹ̀ ilá àná, ìdin ń rìn létí rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti bá ojú fèrèsé wọ yàrá ìyá tó ń ta tòmátò ní Máìlì 12. Arákùnrin kan dìde, ó ní, "Ṣé káńsù ò rí èyí ni? Kí wọ́n wá fọ̀ ọ́! Kí ni wọ́n ń fi owó wa ṣe?" Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà pàtẹ́wọ́.

Arákùnrin náà kò kúkú jẹ̀bi tán. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka kíkó ìdọ̀tí dànù mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Èkó tiwa, ìjọba ìpínlẹ̀ ló di iṣẹ́ náà mú láti 1977 tí wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìdọ̀tí sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ló di LAWMA ní 1991. LAWMA ló pín àdúgbò fún àwọn aládàáni tí gbogbo wa ń pè ní PSP, PSP ló sì ń mú bíìlì wá bá onílé. Kíkó la ń sanwó fún. Fífọ̀ ò sí nínú bíìlì. Ẹni tó bá wá ní kí káńsù Kòsọ́fẹ́, tàbí Àgbóyì-Kétu, tàbí Ìkòsí-Ìṣẹ̀rì, máa fọ ike láti ojúlé dé ojúlé, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò san owó omi, owó ọṣẹ àti owó oṣù àwọn tí yóò fọ̀ ọ́. Bí èèyàn bá fa orúkọ Kòsọ́fẹ́ sọ, ṣe ló dà bíi pé ó ń kìlọ̀ fún wa pé kò sí ọ̀fẹ́.

Ẹ bi àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń san owó orí ilé fún káńsù, owó tí kò kéré, káńsù sì ń kó ìdọ̀tí wọn lọ́jọ́ tó bá dá. Garawa oníkẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Onílé ló ń fọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ kàn án a pe àwọn tó fi ìyẹn ṣe òwò, a sì sanwó fún wọn.

Nílé níbí, káńsù ti bá wa wọlé dé ibi ẹ̀gbin rí, àwọn àgbà ò ní gbàgbé. Agbépóò ń wá lóru, á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, á gbé páànù ìgbẹ́ jáde, kò sì sí ẹni tó jẹ́ bú u, torí ẹni tó bá dẹnu lé agbépóò lóru mọ ohun tí yóò bá lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ní ọ̀sán, wolé-wolé ń wá nínú aṣọ kákí. Á ṣí àmù wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀, á yọjú sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, á wo ààtàn. Bó bá rí ohun tí kò dáa, á kọ ìwé ẹjọ́ fún baálé ilé. (Kì í ṣe gbogbo wọn lọ́wọ́ wọn mọ́ o; ẹ̀yin àgbà mọ iye ìwé ẹjọ́ tí adìẹ ti fà ya.) Síbẹ̀, wolé-wolé ò gbálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ojú rẹ̀ ló mú wá. Ojú yẹn gan-an la pàdánù, kì í ṣe ọwọ́ tí yóò bá wa fọ nǹkan.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé ni kí ìjọba fọ̀: ike ńlá ẹ̀bá títì àti ibi ìkólẹ̀sí ọjà. Ní 2017 tí ìjọba Gómìnà Àmbọ̀dé gbé ètò Cleaner Lagos dé, wọ́n to ike sí ojú pópó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kún àkúnwọ́sílẹ̀; ike tí ẹnikẹ́ni kò ni kò sì ní ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Ní Máìlì 12, tòmátò àti ata ń ti òkè ọya wọlé pẹ̀lú tírélà lójoojúmọ́. Èyí tó bá jẹrà ò lè dúró de ọ̀la. Ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ ti ọjà náà pa nítorí ẹ̀gbin. Ẹ má sọ fún ìyá aláta pé kó lọ fọ ìyẹn.

Bákan náà, bí ọkọ̀ akólẹ̀ bá lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò yọjú, kí ni onílé fẹ́ fọ̀? Ike tó kún kò ṣeé fọ̀. Ibẹ̀ ni kí a ti pariwo. Àmọ́ kí ẹni tó ń pariwo má jẹ́ ẹni tó ń sá fún bíìlì PSP, tó ń fún ọlọ́mọlanke ní owó díẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ohun tí ọlọ́mọlanke kó lọ lè wà nínú gọ́tà tó wà níwájú. Àwa ará Kòsọ́fẹ́ tilẹ̀ mọ eérú tí a ò dà: ààtàn ńlá Olúsòsùn wà ní Ojota láti 1992, ìdọ̀tí Èkó ló ń gbà, nígbà tó sì gbiná ní oṣù kẹta 2018, àwa la fa èéfín rẹ̀ símú.

Ìmọ̀ràn mi rèé, mo ti dán an wò. Omi ló ń mú ike rùn. Ẹ ṣẹ́ omi ọbẹ̀ kúrò kí ẹ tó da ìyókù, ẹ fi bébà àtijọ́ di orí ẹja àti ìfun adìẹ. Ẹ fọ́n eérú sí ìdí ike, èyí tó ti tutù o, kó má baà jó ike. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kó o ni kí ẹ fọ̀ ọ́, torí ẹyin eṣinṣin ń di ìdin láàárín ọjọ́ kan, nínú ooru tiwa kò sì ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí yóò fi fò. Ààbọ̀ garawa omi, ọṣẹ ìfọṣọ àti bùrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn tó. Ẹni tó bá fẹ́ fi Hypo kún un, kó má dà á pọ̀ mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́; afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń pa ọ̀nà ọ̀fun lára. Ẹ dojú ike dé nínú oòrùn. Omi ìfọ̀ náà, ẹ má dà á sí gọ́tà. Bí odò Ògùn bá kún, inú gọ́tà yìí lomi ń gbà padà wá bá wa ní yàrá.

Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà ilé sára ike, kó lè ní ẹni tó ni ín. Nílé tiwa, a ti pín ọjọ́ fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Arákùnrin tó pe káńsù lẹ́jọ́ ló kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ó kùn títí ó fi parí, àmọ́ ó fọ̀ ọ́ mọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. A sọ fún un, ìyá alátòmátò sì ti ṣí fèrèsé.

Ẹ̀yin alága káńsù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Kòsọ́fẹ́, a ò ní kí ẹ wá fọ ike wa. Ẹ dá wolé-wolé padà sójú pópó. Bí wọ́n bá dé ilé wa tí wọ́n bá ike wa tó ń rùn, kí wọ́n kọ ìwé fún wa.