Owó Ìpadàwálé

Ọmọ mi, mo ka ìwé eré tí o fi ránṣẹ́ sí mi lóru àná, mo sì kà á débi pé àkàrà tí wọ́n gbé síwájú mi tutù kí n tó rántí pé ebi ń pa mí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gún, orin rẹ̀ wọni lára, ó sì yẹ kí aráyé rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ọ́ pé èló ni yóò gbé e dé orí ìtàgé, tí mo tún bi ọ́ pé kí ni yóò gbé yín padà sílé lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bá pàtẹ́wọ́ tán, o rẹ́rìn-ín, o ní Ọlọ́run á ṣe é. Á ṣe é lóòótọ́. Àmọ́ èmi tí mo fi ọdún 19 dúró sí ẹnu géètì fún ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri, tí mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì, tí mo ń ka owó lábẹ́ àtùpà, n kò tíì rí ọjọ́ kan tí dírẹ́bà gba àdúrà dípò owó epo.

Ọ̀gá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ní àṣà kan tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Kí mọ́tò wa tó ṣídìí nílé, á ti ka iye owó epo àti oúnjẹ tí yóò gbé wa padà, á dì í sínú àpò aṣọ kékeré kan, á sì fi lé ìyá tó ń dáná fún wa lọ́wọ́, obìnrin kan báyìí tí ẹ̀bẹ̀ kì í wọ̀ létí. Owó ìpadàwálé là ń pè é. Bí gbọ̀ngàn kún, bí kò kún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú àpò náà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ tú u. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a tú u, ní ìlú kan ní ilẹ̀ Àkókó, nítorí onígbọ̀ngàn ní àfi kí a san gbogbo owó òun kí òun tó ṣílẹ̀kùn, a sì rò pé owó géètì alẹ́ ọjọ́ náà yóò dí i. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un, àwa kò sì ní ohun tí a ó fi sọ pé a kò gbà. Èèyàn 31 péré ló wọlé. Àwa tí a wá ṣeré jẹ́ 26. Ọjọ́ mẹ́ta la sùn sórí bẹ́ńṣì ní kíláàsì ilé ìwé kan, a fi jẹnẹrétọ̀ dógò kí a tó rí epo rà, ọmọ tó ń lu gángan fún wa sì bá ọkọ̀ kòkó lọ sí ìlú rẹ̀, a kò fojú kàn án mọ́.

Nítorí náà, kí o tó sanwó aṣọ ọba àti adé ìlẹ̀kẹ̀ tí o ní o ti rí ẹni tí yóò ṣe é, lọ ka ẹnu. Má ka òṣèré, ẹnu ni kí o kà. Eré òṣèré 12 kì í jẹ́ oúnjẹ èèyàn 12, nítorí onílù wà níbẹ̀, dírẹ́bà àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú iná wà níbẹ̀, ìyálọ́mọ tó gbé ọmọ ọwọ́ wá wà níbẹ̀, àti àwọn ọmọkùnrin àdúgbò tí yóò ní àwọn fẹ́ bá ọ gbé àga. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Èrò ìwòran tó ń wo ọba lórí ìtẹ́ kò rí owó gbọ̀ngàn, kò rí owó pósítà, kò rí mọ́tò tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde káàkiri láti ọ̀sán, kò sì yẹ kó rí wọn. Ìwọ ló yẹ kó rí wọn, ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, nítorí igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Láyé tiwa, ọkùnrin kan máa ń ṣíwájú wa wọ ìlú. Yóò kí ọba, yóò gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, yóò wò ó bóyá òrùlé gbọ̀ngàn ń jò, yóò béèrè ọjọ́ ọjà. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tiwa, àwọn alárìnjò àtijọ́ náà kì í ya wọ ìlú onílùú ṣeré láìkọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ọ̀nà Oǹdó àti Ìjẹ̀ṣà là ń gbà nígbà tí wọ́n bá ń ta kòkó, láti oṣù kẹwàá lọ, nígbà tí owó wà lápò àgbẹ̀, tí òjò sì ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá gbé eré lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹfà, ojú rẹ̀ yóò rí màbo. Ìparí oṣù ni ìgbà kòkó àwọn òṣìṣẹ́ Ìbàdàn tí o fẹ́ pè wá wòran. Bí owó oṣù bá falẹ̀, kí ọjọ́ eré rẹ náà falẹ̀. Wo ìgbà ààwẹ̀, wo ìgbà ìdánwò, wo ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù ńlá wà lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ géètì ni mo mọ̀ jù, jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Kí gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ní nọ́ńbà, kí àwọ̀ ti àga iwájú yàtọ̀ sí ti bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, kọ èyí tí ẹ bá a dé sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá tì í. Iye tíkẹ́ẹ̀tì tó tà láàárín méjèèjì ló ń sọ iye owó tó gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí, bí ó bá sì dín, béèrè lálẹ́ ọjọ́ náà, má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹni tó ń gbowó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ì báà ṣe àbúrò rẹ tí ẹ jọ mu ọmú kan náà. Kì í ṣe pé a fura sí i, a ń gbà á lọ́wọ́ ìdánwò ni. Bí wọ́n bá sì ń fi fóònù sanwó sí àkáǹtì, kí ó má jẹ́ àkáǹtì tí o fi ń ra ata. Ní ti ìwé ọ̀fẹ́, fún un ní iye, kí o sì dúró lé e. Mo ti rí alẹ́ tí gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, tí orí ọ̀gá ń yá bí ẹni tí eégún rẹ̀ jóore, tí àpótí sì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí ìbátan ni ìdajì èrò: ìbátan òṣèré, ìbátan ọlọ́pàá, ìbátan onígbọ̀ngàn.

Má rò pé àwọn ẹni ńlá kò mọ ìyà yìí. Hubert Ògúndé gbé eré àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní Gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó ní 1944 fún ìjọ Aládùúrà, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó sì torí rẹ̀ fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é ní 1964 nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n pa mọ́, ọjà rẹ̀ gan-an ni wọ́n tì, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Oǹdó, títí ìjọba ológun Fájuyì fi tú u sílẹ̀ ní 1966. Àwọn èèyàn máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ó fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọmọbìnrin kan níjó, tí ọkọ wá ní ìyàwó òun kò gbọdọ̀ gun orí ìtàgé mọ́, yóò mọ ohun tó ń wò. N kò ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀ o! Bàbá Sàlá tó gbé aago kọ́rùn, tó pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín, kó owó ńlá sínú sinimá Ọ̀run Móoru ní 1982. Olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà kí onísinimá tó jèrè, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí o bá máa yáwó, ọmọ mi, yá ìwọ̀n tí o lè san bí ẹnì kankan kò bá wá wòran.

Wá lọ́jọ́ Sátidé, kí o mú ìwé àkọsílẹ̀ tuntun kan dání. Má tíì kọ orúkọ eré sí iwájú rẹ̀. Kọ owó ìpadàwálé sí ojú ewé kìíní, kí o wá kọ ẹnu gbogbo àwọn tí yóò jẹun sábẹ́ rẹ̀, kí o sì kọ tèmi náà mọ́ wọn, nítorí mo máa bá yín lọ. N kì í jẹ ẹ̀bà lálẹ́.