ORÍ LA FI Ń RU ẸRÙ



*Kíkà:* Éfésù 5:21-33. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:1-3

Ní Ajégúnlẹ̀ wa yìí, ọ̀pọ̀ baálé ilé ló ń wá iṣẹ́ òòjọ́ lọ sí wọ́ọ̀fù Àpápá. Lọ́jọ́ tí kò bá síṣẹ́, kò sówó. Ìyàwó tó ń tajà ní Boundary ló máa gbọ́ bùkátà. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ á ní, "O ò kà mí sí mọ́." Aya á ní, "Ta ló ń bọ́ ẹ?"

Ará, Pọ́ọ̀lù ò fi owó wọn ipò orí. Kristi ló fi wọ̀n ọ́n, ẹni tó kú fún ìjọ. Kó tó bá àwọn aya sọ̀rọ̀ rárá, ẹsẹ 21 ti ní kí gbogbo wa máa tẹrí ba fún ara wa. Ákúílà àti Pírísílà jọ ń pàgọ́ tà ní Kọ́ríńtì ni.

Ẹ̀yin ọkọ, orí la fi ń ru ẹrù. Bí ìyá bá wà lọ́jà, ẹ pọnmi, ẹ wẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ má na aya yín. Ara yín ni.

Ẹ̀yin aya, ẹ má fi owó tí ẹ mú wálé bú ọkọ yín lójú alájọgbé.

*Iṣẹ́ òní:* Lálẹ́ yìí, ẹ jọ jókòó ṣírò ohun tó wọlé àti ohun tó jáde.

*Àdúrà:* Olúwa, má jẹ́ kí àìrówó tú ilé wa ká. Lórúkọ Jésù. Àmín.