Ẹ̀kọ́ lórí Ohun Ìní àti Ọmọ lẹ́hìn Ìpínyà

Ẹ̀yin ará, bí tọkọtaya bá pínyà, ohun méjì ni ó sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀: ohun ìní àti ọmọ. Kò yẹ kí a fi ọwọ́ kan náà mú méjèèjì.

Èkíní, ohun ìní. Ìgbéyàwó tí a ṣe lábẹ́ òfin ní Nàìjíríà, Ilé-ẹjọ́ Gíga ni ó lè tú u ká. Òfin ọdún 1970 kò pàṣẹ pé kí a pín ohun ìní ní ọgbọọgba. Ohun tí ó tọ́ ni adájọ́ yíò wò. Nítorí náà, kí aya tí ó fi owó òwò rẹ̀ bá ọkọ kọ́lé pa ìwé ẹ̀rí owó náà mọ́.

Èkejì, ọmọ. Òfin kan náà ní kí adájọ́ fi ire ọmọ ṣíwájú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí ọmọ yíò máa gbé, ẹni tí yíò san owó ilé-ìwé, ọjọ́ tí òbí kejì yíò máa rí i. Ẹ má ṣe rán ọmọ ní iṣẹ́ ìjà.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń dákẹ́ ní kíláàsì, ẹ fi sùúrù bá a lò. Ilẹ̀ ṣe é pín; ọmọ kò ṣe é pín.