Ìṣàkóso Ìsopọ̀ Íntánẹ́ẹ̀tì lórí Kọ̀ǹpútà Linux: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́-Àkọ́ṣẹ́

Ìfáàrà
Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já lẹ́nu ẹ̀kọ́, iléeṣẹ́ tó ń ta dátà ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni pé òde ni ìṣòro ti wá: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ó sì kan ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe lè wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìbéèrè mẹ́rin tó yẹ kí olùkọ́ bi kọ̀ǹpútà kí ó tó dájọ́.

Ẹ̀rọ àti Àkọsílẹ̀
Linus Torvalds, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991. Ní ọdún 2004, iléeṣẹ́ Red Hat gbé NetworkManager jáde, òun ló sì ń ṣàkóso ìsopọ̀ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux. Ó ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: ẹ̀rọ, bí i Wi-Fi, àti àkọsílẹ̀ ìsopọ̀, níbi tí orúkọ àti páásíwọọ̀dù wà. Ẹ̀rọ kan lè ní àkọsílẹ̀ ti ilé, ti ilé-ẹ̀kọ́ àti ti fóònù, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni yóò lò lẹ́ẹ̀kan.

Ìbéèrè Mẹ́rin
(i) Ǹjẹ́ ẹ̀rọ ṣe tán? Àṣẹ rẹ̀ ni: nmcli device status. "Disconnected" túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kò tíì sopọ̀. "Unavailable" sábà máa ń fi hàn pé a pa Wi-Fi tàbí pé wáyà yọ.
(ii) Ǹjẹ́ ó ní àdírẹ́ẹ̀sì? Àṣẹ rẹ̀ ni: ip address.
(iii) Ǹjẹ́ ó mọ ọ̀nà àbájáde? Àṣẹ rẹ̀ ni: ip route. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "default" ni kí a wò. Ọ̀fà wà lójú irin tó ti Èkó lọ sí Kánò. Ará Ọ̀fà tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ibùdókọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti kọ̀ǹpútà rí.
(iv) Ǹjẹ́ ó ń rí ìtumọ̀ orúkọ? Bí ping 8.8.8.8 bá rí èsì, tí ping google.com kò rí, ọ̀nà ṣí. Ìtumọ̀ orúkọ sí nọ́ńbà ni kò ṣiṣẹ́.

Ìṣọ́ Dátà
Bí fóònù ló ń fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ àkọsílẹ̀ sì jẹ́ Foonu, àṣẹ yìí wúlò: nmcli connection modify Foonu connection.metered yes. Lẹ́yìn tí a bá tún ìsopọ̀ náà ṣe, àwọn ètò tó ń ka àmì yìí sí yóò dín ohun tí wọ́n ń fà wọlé kù.

Ìkádìí
Olùkọ́ tó mọ ìtòtẹ̀léra yìí kò ní tú kíláàsì ká láìnídìí, kò sì ní ra dátà tí kò nílò. Ó tún lè fi Yorùbá kọ́ ọ: Ẹ̀rọ ńkọ́? Àdírẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́? Orúkọ ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìbéèrè mẹ́rin yìí lórí ti ní ohun tí yóò fi wá ìdí ọ̀rọ̀.