NÍGBÀ TÍ Ọ̀NÀ BÁ DÍ

Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ìdàpọ̀ Àwọn Obìnrin

Bíbélì Kíkà: Ìṣe Àwọn Aposteli 16:6–15, Gẹ́nẹ́sísì 50:15–21

Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè kọ́ bí a ti ń gbé ojú sókè sí Ọlọ́run nígbà tí ètò wa bá dàrú.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Kò sí ẹni tí ń jí ní òwúrọ̀ tí ó ń gbèrò pé kí ètò òun dàrú. A ti dá àjọ, a ti ya owó ilé-ìwé ọmọ sọ́tọ̀, a ti ra ọjà sílẹ̀ de ọdún. Lójijì ni àìsàn dé, tàbí ikú ọkọ, tàbí òfò lórí ọjà. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa lónìí ni èyí: nígbà tí ọ̀nà bá dí, níbo ni ojú wa yóò wà?

1. Ọ̀NÀ TÍ Ó DÍ FÚN PỌ́Ọ̀LÙ

Pọ́ọ̀lù fẹ́ wàásù ní Éṣíà, Ẹ̀mí Mímọ́ kò gbà fún un. Ó fẹ́ wọ Bítíníà, ibẹ̀ náà kò ṣeé ṣe. Ó dé Tróásì, níbi tí a ti fi ìran pè é lọ sí Makedóníà. Nígbà tí ó dé Fílípì, àwọn obìnrin tí ń gbàdúrà lẹ́bàá odò ni ó bá. Lìdíà, oníṣòwò aṣọ elésè-àlùkò, gba Olúwa gbọ́, ó sì ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ kíyèsí i pé ará Tíátírà ni Lìdíà, Tíátírà sì wà ní Éṣíà, níbi tí a kò jẹ́ kí Pọ́ọ̀lù dé. Ẹni tí kò lè bá pàdé ní ìlú rẹ̀, ó bá a lẹ́nu òwò ní ìlú òkèèrè. Àwọn àgbà wa ní bí ọ̀nà kan kò bá dí, òmíràn kì í là.

2. ÌYÁ ÀJÀYÍ CROWTHER

Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kọlu Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí, wọ́n kó ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì yà wọ́n nípa. Wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni ó ti mọ ìwé, ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825.

Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ọmọ yìí ló di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì wà lára àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Ibi ni oko ẹrú. Jósẹ́fù kò sọ fún àwọn arákùnrin rẹ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe dára. Ó pe ibi ní ibi, ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ Ọlọ́run tí ń yí i padà sí rere. Ẹ sì rántí pé ọdún 25 ni ìyá Àjàyí fi wà láìrí ọmọ rẹ̀. Ìyípadà náà lè pẹ́.

3. INÁ ỌJÀ AKẸ̀SÁN

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìtòsí. Ní January 5, 2020, iná jó Ọjà Akẹ̀sán, níwájú ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ọjà ló di eérú. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ọjà náà kọ́ lẹ́yìn náà, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tuntun kì í dá ẹrù tí ó jóná padà, kì í sì í san owó èlé tí obìnrin yá láti fi ra ẹrù náà.

Ọjọ́ Àìkú kìíní ọdún ni January 5 yẹn, ọjọ́ tí àwa ọmọ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì máa ń ṣe Ìsìn Májẹ̀mú, èyí tí John Wesley bẹ̀rẹ̀ ní 1755. Nínú ìsìn náà a máa ń fi ara wa lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ìbáà ṣe nínú ọ̀pọ̀ tàbí nínú àìní. Ó rọrùn láti sọ nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kún. Ìgbà tí ó bá ṣófo ni a ń mọ̀ bóyá Ọlọ́run ni a gbẹ́kẹ̀ lé, tàbí ọjà.

4. OHUN TÍ A Ó ṢE

(a) Ẹ má ṣe fi ẹ̀sùn kún ọgbẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa nígbà tí wọ́n jókòó tì í tí wọ́n dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri ni wọ́n bà á jẹ́. Kí a má ṣe sọ fún ẹni tí iná jó ọjà rẹ̀ pé bóyá kò san ìdámẹ́wàá ni.

(b) Ẹ sọ òtítọ́ fún Ọlọ́run. Ẹkún kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Hánà sunkún níwájú Olúwa ní Ṣílò, Olúwa sì gbọ́ ọ.

(c) Ẹ yí ìbéèrè padà. Lẹ́yìn tí a bá ti béèrè pé, “Èéṣe tí ó fi jẹ́ èmi?” kí a tún béèrè pé, “Olúwa, kí ni o fẹ́ kí n ṣe báyìí?” Ìbéèrè kejì yìí ló ń mú ojú kúrò lára eérú.

(d) Ẹ na ọwọ́ sí arábìnrin yín. Ayé ní bí iná bá jóni tí ó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Bí ẹnìkan bá pàdánù ọjà, kí kíláàsì rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹgbẹ́ sì dá ohun tí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ó kéré mọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ wa ni onítọ̀hún yóò fi mọ̀ pé Ọlọ́run kò gbàgbé òun.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ọ̀nà wo ló dí fún ọ rí, tí o wá rí òmíràn lẹ́yìn náà?
2. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín pé Ọlọ́run yí ibi padà sí rere, àti pé Ọlọ́run ló ṣe ibi náà?
3. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí ọ̀nà dí fún lọ́wọ́lọ́wọ́? Kí ni a ó ṣe fún un kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé?

ÀDÚRÀ: Olúwa, nígbà tí ètò wa bá dàrú, má ṣe jẹ́ kí a sọ Ọ́ nù. Gbé ojú wa sókè sí Ọ, sì fi wá ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ó ṣubú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.